Tẹ́lẹ̀ oníbàárà ló ń wá ọjà, ní báyìí ọjà ló ń wá oníbàárà: ta ló tún ń rántí ẹni tó tà á?

Alábẹ́rẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Báàgì aláwọ ni mò ń rán, ọwọ́ ni mo fi ń rán an, láti ọdún 2014 ni mo sì ti ń tà á lórí ayélujára. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè ni oníbàárà fi ń pàdé mi. "Ẹ ǹlẹ́ o, ṣé ẹ ní èyí tí okùn rẹ̀ gùn?" "Awọ wo lẹ fi ṣe é?" "Ṣé kọ̀ǹpútà mi á wọ inú rẹ̀?" A ó jọ máa sọ ọ́ síwá sẹ́yìn, ìgbà mìíràn ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta kí owó tó wọlé. Ní báyìí, kò sí "ẹ ǹlẹ́" mọ́. Wọ́n á ya àwòrán ojú fóònù wọn níbi tí fídíò mi dúró sí, wọ́n á fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ kan ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀: "Ó kù?" Kí n tó nu ọwọ́ mi kí n dáhùn, ẹlòmíràn ti bá tirẹ̀ lọ, nítorí mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ́.

Mi ò sọ pé ọjà kò tà o. Ó ń tà. Mo ṣe fídíò kan lóṣù tó kọjá, ìṣẹ́jú àáyá 19 péré. Ọwọ́ mi nìkan ló hàn níbẹ̀, tí mò ń fa òwú gba orí ìda kọjá kí n tó fi rán ìdérí báàgì. Mi ò sọ̀rọ̀, mi ò kọrin. Báàgì 31 ni fídíò yẹn tà láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Iṣẹ́ oṣù méjì mi nìyẹn! Dípò kí inú mi dùn, ẹ̀rù ló bà mí.

Ohun tó wá dà mí láàmú rèé. Ọ̀kan nínú àwọn tó rà á gbé báàgì náà kọ́ apá, ó ya àwòrán, ó gbé e sí ojú ewé rẹ̀. Ó yẹ ẹ́ gan-an, irọ́ kọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bi í lábẹ́ àwòrán pé, "Níbo lo ti rà á?" Ó dáhùn: "TikTok." Ó tán síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ orúkọ mi wà lórí rìsíìtì tí mo fi sínú páálí. Mo wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn títí iná ojú fóònù fi kú. Èmi ni mo yan awọ, èmi ni mo gé e, èmi ni abẹ́rẹ́ gún, TikTok ló tà á.

Bí mo ṣe rò ó sí ni pé, tẹ́lẹ̀, oníbàárà ló ń wá ọjà kiri. Ó mọ ohun tó ń wá, nítorí náà ó mọ ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ní báyìí, ọjà ló ń wá oníbàárà kiri, ó ń bá a lórí ibùsùn, ó ń bá a níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Ẹni tí kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá, báwo ni yóò ṣe mọ ọ̀nà padà?

Ìbéèrè mi: ṣé kí n máa bá fídíò lọ bẹ́ẹ̀, ṣé kí n sanwó ìpolówó, àbí ọgbọ́n kan wà tí oníbàárà á fi di oníbàárà èmi gan-an, tí kò fi ní jẹ́ ti áàpù?

Òjò_Àṣálẹ́:

Báàgì 31 lọ́jọ́ mẹ́rin, ẹ ní ẹ̀rù bà yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bù díẹ̀ fún mi nínú ẹ̀rù yẹn.

Afìṣirò:

Àǹtí Alábẹ́rẹ́, mo kí yín. Iṣẹ́ òòjọ́ mi ni kí n máa bá àwọn olówò ra àyè ìpolówó lórí ayélujára, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín tú u. Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n kò tíì pé.

Ọjà méjì ló wà níbí, ẹ sì da méjèèjì pọ̀. Ọjà àwọn tó ń wá nǹkan wà, ọjà àwọn tó ń wòran sì wà. Nígbà tí Google bẹ̀rẹ̀ AdWords, ìyẹn ìpolówó tó ń bá èsì ìwákiri jáde, ní oṣù kẹwàá ọdún 2000, ọjà àwọn tó ń wá nǹkan ni wọ́n ń tà: ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ "báàgì aláwọ fún kọ̀ǹpútà" ti sọ tẹnu rẹ̀, ẹ̀yin olùtajà kàn ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn ni. Ọjà yẹn ò kú o, ó ṣì wà. Ti TikTok àti Instagram ló yàtọ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ kò sọ pé òun ń wá nǹkan kan, eré ló ń wò. Ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ bá a sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe mọ̀ ọ́n? Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1994, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Lou Montulli ní Netscape, ilé-iṣẹ́ tó ṣe áàpù tí wọ́n fi ń wo ìkànnì nígbà yẹn, hùmọ̀ kúkì, ìyẹn ìwé pélébé tí ìkànnì ń fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà rẹ kó lè rántí rẹ àti ohun tí o kó sínú apẹ̀rẹ̀ ìrajà. Ọdún yẹn kan náà, ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá, ìkànnì HotWired gbé àwọn pátákó ìpolówó jáde, AT&T (ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù kan ní Amẹ́ríkà) wà lára àwọn tó sanwó. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì mọ ara wọn. Kúkì tí wọ́n ní kó máa ṣọ́ apẹ̀rẹ̀ bá di amí. Ìdí rèé tí ẹ fi lè wo bàtà kan láàárọ̀, kí bàtà yẹn máa tẹ̀ lé yín kiri gbogbo ìkànnì títí ilẹ̀ fi ṣú, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti rà á.

Ó dé oṣù kẹrin ọdún 2021, Apple ní kí gbogbo áàpù máa tọrọ àyè kó tó lè máa tẹ̀ lé ẹni tó ni fóònù láti áàpù kan sí òmíràn. Ẹ mọ ohun tí ènìyàn máa ń dáhùn tí wọ́n bá bi í pé, "Ṣé ká máa ṣọ́ ẹ?" Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ni Facebook fẹnu ara wọn sọ pé ó máa gba nǹkan bí bílíọ̀nù 10 dọ́là lọ́wọ́ àwọn lọ́dún 2022 nìkan. Àwa tí à ń rajà ìpolówó fún àwọn olówò kéékèèké mọ̀ ọ́n lára. Tẹ́lẹ̀, mo lè sọ fún ẹ̀rọ pé ẹni báyìí báyìí ni kó bá mi wá. Lẹ́yìn náà, ó dà bíi pé wọ́n fi aṣọ dì mí lójú.

Ohun tó wá gba ipò amí ni fídíò fúnra rẹ̀. Fídíò ló ń wá ẹni tirẹ̀. Ẹ̀rọ á kọ́kọ́ fi han ìwọ̀nba ènìyàn, á máa wò ó: ta ló wò ó tán, ta ló tún un wò, ta ló sá kúrò ní àáyá kejì? Fídíò yín yẹn, mo dá a mọ̀ láìrí i: nígbà tí òwú bá ń gba orí ìda kọjá, ojú ò ní lè kúrò níbẹ̀ títí yóò fi dé ìparí. Ìṣẹ́jú àáyá 19 ló sì kúrú tó láti tún wò. Kò sí owó tó ra ìyẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ náwó, ẹ má ná an sórí fídíò tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀. Gbàǹjo àyè ìpolówó ni wọ́n ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè, kí ojú tó ṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é tán. Kì í ṣe ẹni tó dá owó jù ló ń gbé e lọ nígbà gbogbo: ẹ̀rọ á tún ṣírò bó ṣe ṣeé ṣe kí ẹni yẹn tẹ ìpolówó náà tó. Ìpolówó tó dùn ún wò ń rí àyè rà lówó pọ́ọ́kú. Ẹ fi owó kékeré sórí àwọn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń wá báàgì, kí ẹ sì fi díẹ̀ pè àwọn tó wo fídíò yín dópin padà. Ó tán. Ohun kan kù: orúkọ wo lẹ ń sọ báàgì yín nínú ìkànnì yín?

Alábẹ́rẹ́:

Afìṣirò, ẹ ṣeun gan-an. Ojú ń tì mí láti dáhùn. "Òṣùmàrè Kejì" ni mo sọ èyí tó tà yẹn. Èyí tó tóbi ń jẹ́ "Àfẹ̀mọ́júmọ́".

Afìṣirò:

Àǹtí, kò sẹ́ni tó máa jí láàárọ̀ kó lọ tẹ "Òṣùmàrè Kejì" sínú Google pé òun ń wá ohun tí òun á kó kọ̀ǹpútà sí.

Òǹrajà_Òru:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àwa tí à ń rà, torí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tà nìkan lẹ ń sọ̀rọ̀ látàárọ̀.

Nǹkan bí aago kan òru ni mo máa ń rajà jù. Ọmọ ti sùn, ilé ti pa rọ́rọ́, fóònù wà lọ́wọ́, oorun kò tíì kùn mí. Lọ́sàn-án, bí nǹkan bá wù mí, màá rò ó. Lóru, àtàǹpàkò ló ń bá mi rò ó. Káàdì mi ti wà nínú áàpù, àdírẹ́sì mi ti wà níbẹ̀, títẹ̀ kan ló kù. Amazon ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí títẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan yẹn ní Amẹ́ríkà ní 1999, ẹ̀tọ́ náà kò sì parí títí di 2017. Ẹ rò ó wò, ọdún 18 ni wọ́n fi jókòó ti bọ́tìnì kan! Wọ́n mọ̀ pé ibi tí ènìyàn ti ń wá káàdì nínú pọ́ọ̀sì ni orí rẹ̀ ti máa ń pé.

Ẹ gbọ́ èyí ná. Mo ń wo fìtílà ìkàwé kan lórí ìkànnì kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Aago pupa kan wà lókè tó ń ka sẹ́yìn: ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀ ló kù kí owó rẹ̀ tó gòkè. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé ènìyàn 14 ló ń wo fìtílà yìí lọ́wọ́. Àyà mi ń já pì pì. Mo ń sáré wá ìwọ̀n tábìlì mi nígbà tí fóònù kú, bátìrì ti tán. Ìgbà tí mo rí iná fi sí i tí mo tún ṣí ojú ewé náà, aago pupa tún bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú 10. Àwọn ènìyàn 14 yẹn náà ò tíì dìde níbi tí wọ́n jókòó sí. Ẹ̀rín tí mo rín ló jí ọmọ. Ọkùnrin kan, Harry Brignull, ló sọ irú ẹ̀tàn báyìí lórúkọ ní 2010, ó pè é ní dark patterns. Ọ̀nà ẹ̀bùrú lèmi ń pè é.

Láti ìgbà yẹn, ìràwọ̀ mẹ́ta ni mo máa ń kọ́kọ́ kà níbi tí àwọn tó ti ra nǹkan ti ń sọ tẹnu wọn. Ẹni tó fún un ní márùn-ún lè jẹ́ ìbátan wọn. Ẹni tó fún un ní ẹyọ kan, ẹni tó gbé ọjà wá ló sábà máa ń bínú sí. Ẹni tó fún un ní mẹ́ta ti lo nǹkan yẹn. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá 2024 ni òfin FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn òǹrajà, ti ka títà àti ríra ẹ̀rí irọ́ irú bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, mo sì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ purọ́ á ṣì wá ọ̀nà.

Àǹtí, nípa orúkọ yín tí a kì í rántí, ẹ má bínú sí wa. Mo lọ tú kọ́bọ́ọ̀dù mi lónìí nítorí ọ̀rọ̀ yín. Nínú nǹkan méje tí mo fi fóònù rà lọ́dún yìí, ẹyọ kan ni mo lè sọ ẹni tó tà á fún mi. Òun náà, nítorí pé ó fọwọ́ kọ ìwé kékeré kan sínú páálí ni, ó sì ṣi orúkọ mi kọ. Ìwé yẹn ṣì wà lára fíríìjì mi.

Bàbá_Pátákó:

Ọmọ mi Alábẹ́rẹ́, mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọdún 26 ni mo fi ṣe iṣẹ́ ìpolówó kí n tó fẹ̀yìn tì, pátákó ẹ̀bá títì àti rédíò. Wọ́n ní ìpolówó ni àgúnmu òwò. Àgúnmu tiwa nígbà yẹn, gbogbo ìlú là ń bù ú fún, àti aláìsàn àti ẹni tí ara rẹ̀ le kókó. A ò mọ ẹni tó gbé e mì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fà lé John Wanamaker lọ́wọ́, oníṣòwò ńlá ayé àtijọ́ ní Philadelphia, pé ìdajì owó tí òun ń ná sórí ìpolówó ló ń ṣòfò, òun kàn ò mọ ìdajì wo ni. Àwọn ọmọdé òde òní ní àwọn ti mọ ìdajì náà. Mi ò gbà. Ọmọ mi ọkùnrin ń ṣe irú iṣẹ́ Afìṣirò, ó ṣí kọ̀ǹpútà fún mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ìpolówó yìí ló tà á." Mo ní ó dáa. Ẹni tó gbọ́ orúkọ ọjà yẹn lẹ́nu ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ Ajé, tó rí i lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jọ́ Ọjọ́rú, tó wá tẹ ìpolówó yín lọ́jọ́ Ẹtì, ta ló tà á fún un? Ó dákẹ́. Ẹni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ni ẹ̀rọ wọn ń kó gbogbo owó ọ̀yà fún, ẹni tó mú oníbàárà láti òkèèrè wá kò rí nǹkan kan gbà.

Ohun tí mo fẹ́ bi ọ́ kò pọ̀. Tí mo bá gbé báàgì rẹ lọ́wọ́ nísinsìnyí, kí ló wà lára rẹ̀ tó ń sọ orúkọ rẹ? Má dárúkọ rìsíìtì fún mi. Rìsíìtì ti wà nínú garawa ìdọ̀tí kí báàgì tó jáde nílé.

Afìṣirò:

Bàbá, ẹ ti nà mí lójú gbogbo ayé. Òótọ́ ni, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kẹ́yìn là ń kọ sílẹ̀ jù, ó rọrùn láti kà ni. Àwọn oníbàárà mi kì í fẹ́ gbọ́ pé "a ò mọ̀".

Alábẹ́rẹ́:

Mo padà dé o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò ti kọ nǹkan síbí, ìbéèrè Bàbá ló fà á.

Bàbá, kò sí nǹkan kan lára báàgì náà, sà. Ó wà tẹ́lẹ̀. Òǹtẹ̀ irin kékeré kan ni mo ní, màá ti í bọ iná, màá tẹ̀ ẹ́ sábẹ́ ìdérí: orúkọ mi àti ọdún. Ní 2019, oníbàárà kan ní òun fẹ́ èyí tí "kò ní ọ̀rọ̀ lára", kó lè mọ́ lójú nínú àwòrán. Ẹlòmíràn sọ bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn tún sọ bẹ́ẹ̀. Mo ju òǹtẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ kan, mo gbàgbé rẹ̀. Nítorí kámẹ́rà ni mo ṣe fọwọ́ ara mi yọ orúkọ mi kúrò, mo wá ń bínú pé wọn ò dárúkọ mi.

Mo ti yí orúkọ àwọn báàgì padà. "Òṣùmàrè Kejì" ti di "báàgì aláwọ alárán-ọwọ́, ó gba kọ̀ǹpútà". Ó dùn mí díẹ̀. Ìwọ̀nba owó tí mo fi sórí Google mú ènìyàn márùn-ún wá, wọ́n kí mi "ẹ ǹlẹ́" kí wọ́n tó béèrè nǹkan! Méjì rà.

Èkejì, mo kó orúkọ àwọn oníbàárà àtijọ́ jọ láti inú ìwé àti fóònù mi, 112 ni mo rí. Mi ò polówó fún wọn. Mo kàn kọ ọ́ pé, "Ṣé okùn báàgì yín ṣì le? Tó bá ti ń já, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, màá tún un ṣe." Ènìyàn 23 dáhùn. Mẹ́sàn-án fẹ́ kí n tún tiwọn ṣe, mẹ́rin ní kí n rán tuntun fún ẹlòmíràn. Mo kọ ọ́ sí àwọn 31 ti TikTok náà. Ẹyọ kan ló fèsì, ó ní, "Ta ni o?"

Àkọ́kọ́ nínú àwọn tí mo fẹ́ tún ṣe dé lánàá, báàgì ọdún 2016. Ọwọ́ ìgbékọ́ rẹ̀ ti dúdú nítorí òógùn ọwọ́, igun kan ti yòrò, kálámù kan tó ti gbẹ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ àpò inú. Mo ṣí ìdérí, orúkọ mi wà níbẹ̀ tó ń wò mí. Mo ya fídíò bí mo ṣe ń tú okùn àtijọ́. Kò rìn rárá, ènìyàn 212 péré ló wò ó. Ṣùgbọ́n méjì nínú wọn bi mí bóyá mo lè bá wọn tún báàgì tí kì í ṣe èmi ni mo rán ṣe.

Mo ti yọ òǹtẹ̀ náà jáde nínú dúrọ́ọ̀. Ó ti dípẹtà, bébà oníyanrìn ni mo fi ń ha á lọ́wọ́ báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí. Bàbá, ṣé kí n fi ọdún sí i bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí orúkọ nìkan ti tó?

Bàbá_Pátákó:

Fi ọdún sí i.